Ojú Mi Ló Pẹ́ Kó Tó Kọ́ṣẹ́

Ọwọ́ mi tètè kọ́ṣẹ́. Ojú mi ni kò tètè kọ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nídìí àwòrán yíyà báyìí, bí ẹ bá sì bi mí pé kí ni mo fi gbogbo ọdún náà ṣe, èsì mi ò ju ìyẹn lọ. Mo ń kọ èyí fún àwọn ọmọ tó máa ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, tí wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ bá wa wò ó, kí ló kù?" Ọwọ́ púpọ̀ nínú wọn dá ṣáṣá ju tèmi lọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí wọn. Ohun tó kù kì í sábà sí lọ́wọ́.

Ní 1970 ni bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀gá kan tó ń kọ páátákó ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Sáìn ráítà ni wọ́n ń pe irú wọn. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ ara bọ̀lẹ́kájà, àwòrán orí fún àwọn onígbàjámọ̀, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe. Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀dà, mo ha pákó títí ìka mi fi bó, mo fọ búrọ́ọ̀ṣì, mo sì ń lọ ra kẹrosíìnì. Mo rò pé ìyà lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ búrọ́ọ̀ṣì fọ̀, owó rẹ̀ á máa bá búrọ́ọ̀ṣì lọ ni. Kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ ń gbà, ẹ ó wá fi àkísà nù ún, lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi, kí ẹ sì fi ìka tẹ ìdí irun rẹ̀ níbi tó ti wọnú irin, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà máa ń sá pamọ́ sí. Tó bá gbẹ síbẹ̀, irun á là sí méjì, búrọ́ọ̀ṣì yẹn ò tún ní fa ilà tó gún mọ́.

Ọ̀gá mi kì í fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà. Àwa ọmọ iṣẹ́ la máa ń wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ wa kì í sì í dáa. Ẹ kọ V àti A, kí ẹ kọ H àti I lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ẹ fi rúlà pín àlàfo wọn dọ́gba: lójú ẹni tó ń kọjá, V àti A á jìnnà síra jù, nítorí pé ara wọn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, òfìfo sì pọ̀ láàárín wọn. "Fi ojú wọ̀n ọ́n" ni bàbá yẹn máa ń wí. Bí mo bá bi í pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó, á ní kí n sọdá sí òdìkejì títì, kí n fún ojú pọ̀ díẹ̀. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ dòní. Bí ẹ bá fún ojú pọ̀, gbogbo wẹ́wẹ́ inú àwòrán á pòórá, ibi tó ṣókùnkùn àti ibi tó mọ́lẹ̀ nìkan ló máa ṣẹ́kù, ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá iṣẹ́ náà dúró tàbí kò dúró.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi fún lẹ́tà. Kò yé mi pé ó kan ojú ènìyàn náà.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sìnkú àgbàlagbà, àwọn ọmọ rẹ̀ á mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wá, wọ́n á ní kí a sọ ọ́ di ńlá. A ó fa ilà òòró àti ìbú sára fọ́tò náà títí yóò fi di ojú kéékèèké bíi ti àwọ̀n, a ó fa irú rẹ̀ tó tóbi sára pákó, a ó wá máa kó ohun tó wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan lọ sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá mọ́, ó máa ń jọ onítọ̀hún. Imú wà níbi imú, ilà ojú pé, fìlà kò yẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí á dúpẹ́, wọ́n á sanwó. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú tí mo yà nígbà yẹn ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Iná kámẹ́rà ló ń lù wọ́n láti iwájú, ó sì ń pa òjìji imú àti ti abẹ́ àgbọ̀n rẹ́, èmi náà á sì da gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe wà. Ọdún gígùn ni mo fi ń ya fọ́tò tí mo rò pé ènìyàn ni mò ń yà.

Èyí tó tún burú jù ni ti Tutu. Àwòrán tí Ben Enwonwu ya ọmọbìnrin ọba láti Ilé-Ifẹ̀, Adétutù Adémilúyì, tí wọ́n wá tẹ̀ sórí bébà, tí ó sì wọ ilé káàkiri Nàìjíríà. Àwọn oníbàárà máa ń mú bébà yẹn wá pé kí n fi ọ̀dà ya án fún àwọn. Èyí tí mo fi ń kọ́ iṣẹ́ ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń bà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ̀ pé oòrùn a máa kọ́kọ́ jẹ pupa àti yẹ́lò inú bébà olówó pọ́ọ́kú, búlúù ló máa ń kù. Èmi ò mọ̀. Mo wá ń kun ọmọbìnrin náà ní búlúù ràkọ̀ràkọ̀, mo ń yangàn pé mi ò fi ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ta ọ̀kan nínú ojúlówó rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, tí àwòrán rẹ̀ gba inú ìwé ìròyìn kan, mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Oòrùn ni mo ti ń dà kọ.

Lẹ́yìn tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù, mo gba Òṣogbo lọ. Gbogbo wa la ti gbọ́ bí wọ́n ṣe dá Mbari Mbayo, ilé àṣà àti ọnà, sílẹ̀ ní 1962 lọ́dọ̀ Dúró Ládiípọ̀ onítíátà, àti bí Georgina Beier, òyìnbó ayàwòrán, ṣe kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ níbẹ̀ ní 1964. Nígbà tí mo fi dé, Twins Seven-Seven, Mùráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Bùràímọ̀ àti Rúfọ́ọ̀sì Ògúndélé ti di ẹni tí òyìnbó ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ènìyàn bíi tèmi tó kù ní ìgboro Òṣogbo pọ̀ bí eṣú, a sì ń ya ohun tó jọ tiwọn: iwin olójú mẹ́ta, ejò tó ní apá, ilà wínníwínní tó kún gbogbo àyè. Ó ń tà. Lọ́dún Festac, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1977, ó tà débi pé mo ra alùpùpù.

Mi ò ní bú ara mi lórí èyí jù, ebi ò gbọ́ pé ọnà ò tíì pé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ibi tí ọ̀nà ti yà. Àwọn aṣáájú yẹn, inú eré orí ìtàgé Dúró Ládiípọ̀ ni púpọ̀ wọn ti ń bọ̀. Oyèlámì ń ṣeré, ó ń lùlù. Bùràímọ̀ ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ náà. Twins ń jó. Ẹni tó ti dúró sídìí iná orí ìtàgé lálaalẹ́ mọ bí àwọ̀ ṣe ń jáde láti inú òkùnkùn, ìlẹ̀kẹ̀ tí Bùràímọ̀ sì wá ń tò sójú àwòrán ń gba ìmọ́lẹ̀ sára lóòótọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń yà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwin ni. Èmi ò rí nǹkan kan. Àwòrán wọn ni mo rí.

Nígbà tí Festac kọjá tí àwọn àlejò lọ, ẹrù kù sí mi lọ́wọ́. Òjò méjì péré, nǹkan funfun hu sẹ́yìn kánfáàsì, ikán wọ férémù, ọ̀dà ilé tí mo fi kun wọ́n sì sán wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀dà tó bá yára gbẹ kò gbọdọ̀ wà lórí èyí tí kò tíì gbẹ dénú. Tí ìsàlẹ̀ bá ṣì ń sún kì, òkè tó ti le máa fà ya. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà olóróró ni, ẹ jẹ́ kí tapẹntáìn pọ̀ ní ìsàlẹ̀, kí òróró pọ̀ lókè. Ẹ má sì fi àwòrán ti ògiri tó ń mu omi. Ẹ fi ègé igi kékeré méjì há a lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá.

Èkó ni mo sá lọ. Iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà kan gbà mí láti máa kun bílíbọ́ọ̀dù, mo sì ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin tó kọ́ wa níbẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, ó dojú àga kan délẹ̀ lórí tábìlì, ó ní a ò gbọdọ̀ ya àga náà, àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí a yà. Inú bí mi. Mo ti ya ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ojú òkú ọlọ́lá, ẹnìkan wá ní kí n ya òfìfo. Nígbà tí mo parí, àga náà dúró sórí bébà mi, ó dára ju àga èyíkéyìí tí mo ti yà rí lọ. Ọpọlọ mi ti mọ àga, nítorí náà kì í jẹ́ kí ojú mi wò ó. Òfìfo ni kò mọ̀, ojú sì ráyè ṣiṣẹ́.

Òun ló sọ ìtàn Aina Onabolu fún wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, tó ti ń fi ọ̀dà ya ènìyàn kí ó tó rí ilé-ẹ̀kọ́ ọnà lọ, tó fi owó ara rẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, tó sì padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé Èkó bí ọ̀nà ṣe ń tín-ín-rín bó ṣe ń jìnnà. Ó tẹnu mọ́ ọn débi pé "Ọ̀gbẹ́ni Perspective" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́. A rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo lọ dúró lórí afárá Carter, mo sì rí i pé gbogbo òrùlé páànù tí mo ti ń kun sórí bílíbọ́ọ̀dù láti ìgbà yìí wá ló wà ní ìdàkejì bó ṣe yẹ.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ ara ènìyàn dúdú ló gba ọdún lọ́wọ́ mi jù. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí, torí mo ń rí irú àṣìṣe kan náà nínú iṣẹ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Mọ́kọ́lá ni pé kí n po bráùn, kí n fi dúdú sí i níbi òjìji, kí n fi funfun sí i níbi tó ń dán. Ohun tí ìyẹn máa ń bí ni ojú tó dà bí ẹni pé eérú bò ó. Funfun tí ẹ bú lu bráùn kì í tàn, ó kàn ń hewú ni. Ẹ jókòó ti ẹnìkan tó dúdú dáadáa lábẹ́ igi ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ wo iwájú orí rẹ̀. Ibi tó ń dán níbẹ̀ kì í ṣe funfun, ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀, ó sì máa ń ní búlúù tútù nínú. Ẹ wo etí rẹ̀ tí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀: pupa fòò. Ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n: bí ó bá wọ aṣọ yẹ́lò, yẹ́lò ti gun àgbọ̀n. Bí ewé bá wà nítòsí, ẹ ó rí àwọ̀ ewé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Awọ dúdú tó ń dán a máa gba gbogbo àdúgbò rẹ̀ sára. Ní ilé, lábẹ́ gílóòbù, ohun gbogbo á yí padà, ibi tó ń dán á di àwọ̀ ọsàn, òjìji á wá tutù.

Ohun tó la ojú mi ni àwọn obìnrin tí ayàwòrán Yusuf Grillo kùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo ní, ta ló rí ènìyàn búlúù rí? Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo rí wọn, mo ti jókòó ti ènìyàn tó, mo sì mọ̀ pé àwọ̀ aró ti wà lára wa tẹ́lẹ̀, òun kàn gbé e síwájú ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kó ọ̀dà dúdú kúrò nínú àpótí mi. Burnt umber, bráùn tó ṣókùnkùn, àti ultramarine, búlúù tó jinlẹ̀, ni mo ń pò báyìí. Tí mo bá fẹ́ kó móoru, umber á pọ̀. Tí mo bá fẹ́ kó tutù, ultramarine á pọ̀. Ó máa ń ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò ní wá dúdú, ó sì ń mí. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó bá mi jà.

SAP, ètò tí ìjọba ní àwọn fi ń tún ọrọ̀ ajé ṣe, dé ní 1986, náírà ṣubú, ọ̀dà inú túùbù tó ń ti òkè òkun wá sì di ohun ọ̀ṣọ́ ọlọ́rọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi gbára lé lẹ́tà kíkọ, mo sì ń gbọ́ pé àwọn kan ní Ifẹ̀, Moyọ̀ Òkédìjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń fi erùpẹ̀ ilẹ̀ wa kun àwòrán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu ilẹ̀ pupa níbi tí katakata ti gbẹ́ ọ̀nà. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀, ẹ rò ó, ẹ dúró kí iyanrìn rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ wá yára da omi aláwọ̀ tó wà lókè sínú bàsíà mìíràn. Èyí tó bá sílẹ̀ nínú bàsíà kejì ni ojúlówó. Ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ fi Top Bond tí àwọn káfíńtà ń lò pò ó pẹ̀lú omi díẹ̀. Ẹfun ń ṣe funfun, èédú ń ṣe dúdú. Osùn dùn ún wò, ṣùgbọ́n oòrùn a máa jẹ ẹ́. Ilẹ̀ kì í ṣá.

Nígbà tí mo lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti wo ògiri ojúbọ tí àwọn ìyá àgbà máa ń kùn, mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ni wọ́n ń fi sí i kí àwọ̀ má baà ṣá. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Bí ọdún bá yí po, wọ́n á tún un kùn ni, kí ló kàn wọ́n bí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá ṣá? Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn kọjá bó ṣe yẹ. Mi ò lè ṣe bíi tiwọn, torí ẹni tó ra àwòrán lọ́wọ́ mi kò ní gbé e padà wá lọ́dọọdún.

Òmíràn gbé e padà wá lóòótọ́. Ìyá kan ra àwòrán ọjà alẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ sí òdìkejì fèrèsé, kò sì pẹ́ tí gbogbo iná pupa inú ọjà náà fi kú. Yíǹkì àwọn atẹ̀wé ni mo fi ṣe pupa yẹn nítorí pé ó pọ́n yòò. Mo tún un yà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, àwọ̀ tí mi ò bá mọ̀ rí, mo máa ń kùn ún sórí bébà gígùn, màá fi páálí bo ìdajì, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn látìgbà ọyẹ́ títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ṣí páálí náà tí ìdajì méjèèjì ò bá jọra mọ́, mi ò ní fi kun iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ìgbà tí flex dé, ìyẹn ọ̀rá fẹ̀ǹfẹ̀ tí ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán àti lẹ́tà sí, láàárín ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì yìí, iṣẹ́ sáìn ráítà kú. Mi ò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ti di ibi tí wọ́n ti ń gba agbára sí fóònù. Mo padà s'Íbàdàn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo ń yàwòrán.

Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn tí ìyàwó mi ti ń wí pé iṣẹ́ mi ti ń tutù jù. "Bàbá Wálé, ṣé inú omi ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ń gbé ni?" Mo bínú. Mo ní kò mọ àwọ̀. Ní ojú tèmi, gbogbo rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Ìgbà tí iná ọkọ̀ lálẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká lójú mi ni mo tó lọ sí ọsibítù, dókítà sì ní kátárátì ni, pé ohun tó dà bíi gíláàsì nínú ẹyinjú mi méjèèjì ti pọ́n rúsúrúsú bí omi tíì. Búlúù kò rí ibẹ̀ gbà wọlé dáadáa.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Ọjọ́ tí wọ́n tú u, mo wo aṣọ nọ́ọ̀sì, mo kígbe. Mi ò rántí pé funfun lè funfun tó bẹ́ẹ̀. Mo délé, mo ṣí yàrá iṣẹ́ mi, gbogbo àwòrán ọdún mélòó kan ló wà níbẹ̀ nínú aró. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀, ó kàn kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo to wọn sí ọ̀nà méjì, mo sì rí ohun tó yà mí lẹ́nu. Àwọn tí mo kùn nígbà tí ẹni náà jókòó níwájú mi, àwọ̀ wọn kò yẹ̀ púpọ̀. Ènìyàn náà àti ọ̀dà tí mo pò jọ gba inú gíláàsì rúsúrúsú kan náà kọjá ni, bí wọ́n bá ti bára mu, wọ́n bára mu náà nìyẹn. Àwọn tí mo fi orí rò ni wọ́n lọ sódò. Mo ń rántí bí búlúù ṣe rí látijọ́, mo ń bu ú sí i títí yóò fi jọ ohun tó wà nínú orí mi. Claude Monet, ará Faransé, ní irú ìṣòro yìí; 1923 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Mo gbìyànjú láti tún ọ̀kan nínú tèmi ṣe. Mo fi ọ̀dà gbígbóná bò ó, ó di ẹrẹ̀. Mo fi ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, mo kọ ọdún tí mo yà wọ́n sẹ́yìn wọn gàdàgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ lọ yẹ ojú wò lọ́dọọdún, kí ẹ sì máa ka orúkọ ara túùbù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan.

Ojú òsì ṣì wà bó ṣe wà. Bí mo bá di ọ̀tún, ayé á pọ́n; bí mo bá di òsì, á funfun báláú. Mo ti wá ń lò wọ́n pọ̀. Mo ń ya ìyàwó mi lọ́wọ́lọ́wọ́, ní bálíkónì, ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń fi ojú kọ̀ọ̀kan wò ó kí n tó po àwọ̀. Dókítà ní kí n wá ṣe èyí tó kù. Mo ní kó jẹ́ kí n parí àwòrán yìí ná. Ó ní ìgbà wo ni màá parí ẹ̀. Ìyàwó mi ló dá a lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní kí dókítà kàn kọ ọjọ́ sílẹ̀, òun á mú mi wá.